Igi Omi fún Oko Shahpari

Jandad gbé àáké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ inú igi kédárì gbọọrọ náà bí ẹni ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Àgbàrá ti wọ́ igi omi àtijọ́ tó ń gbé omi kọjá ọ̀gbun lọ sóko lọ, àgbàdo Shahpari, ìyá rẹ̀, sì ti ń ká ewé jọ ní òdìkejì ọ̀gbun. Ní Gambir, abúlé wọn, obìnrin ló ni iṣẹ́ oko, ọkùnrin ló ni ewúrẹ́. Bí àgbàdo yẹn bá kú, kí ni Shahpari fẹ́ lọ̀ nígbà òtútù?

"Jẹ́ kí orí kan ga ju èkejì lọ díẹ̀," ni ìyá wí. "Omi kì í gòkè."

Nígbà tí igi náà parí, ó wúwo ju agbára ará ilé lọ. Mirwali, àna wọn láti àfonífojì Waigal, kó àwọn àbúrò rẹ̀ wá. Torgul, ọmọ Pashtun tó wá ra wàràkàṣì, náà ká apá aṣọ.

Jandad ké ìpè tí wọ́n fi ń jọ gbé ẹrù lédè Gambir. Àwọn ará Waigal bú sẹ́rìn-ín, igi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Àna, èdè wa náà lẹ ń sọ yìí," ni Mirwali wí, "àmọ́ ewúrẹ́ ti jẹ ìdajì rẹ̀!"

"Tiyín ló ti darúgbó tí kò léyín mọ́!"

Torgul mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Pashto. Ṣebí òun ni gbogbo wa fi ń nájà?"

"Kì í ṣe lóko ìyá mi!" Jandad dáhùn.

Shahpari wo ewé rẹ̀, ó wo oòrùn. "Ẹ̀yin ọkùnrin, àgbàdo mi ò gbọ́ èdè kankan, omi ló ń fẹ́! Kálukú kó ka ení, èjì, ẹ̀ta lẹ́nu tirẹ̀. Ẹ gbé e ní ẹ̀ta."

"Màmá, á dàrú o," ni Mirwali wí.

"Ẹ dákẹ́, ẹ tẹ̀ lé ọwọ́ mi."

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ka ẹ̀ta. "Tre!" ni Gambir ké. "Tre!" ni Waigal ké. "Dre!" ni Torgul ké. Ohùn wọn bọ́ síbi kan náà bí ọwọ́ ọmọ ìyá nínú àwo kan. Igi dìde, ó kọjá ọ̀gbun, ó jókòó jẹ́ẹ́ lórí òkúta.

"Háà!" Mirwali nu òógùn. "Ọmọ ìyá ni wá, Torgul sì ni ìbátan ọ̀nà jíjìn."

"Ìbátan tí ebi ń pa," ni Torgul fèsì.

Jandad ṣí omi. Omi náà gbá èérún igi síwájú, ó já sóko gbuu. Kí oòrùn tó wọ̀, ewé àgbàdo ti ń ṣí ọwọ́. Alábòójútó tó ń pín omi fún oko abúlé wá wo igi náà, iṣẹ́ náà wù ú, ó sì fún Shahpari ní ipò àkọ́kọ́ nínú bíbomirin títí di ìkórè. Torgul ní tirẹ̀ jẹ wàràkàṣì yíyọ́ nínú bọ́tà tí Shahpari gbé fún un títí ó fi gbàgbé pé rírà ló wá rà á.