Ohun Tí Ẹ Rí Nìkan

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ètò wa, èmi ni mo sì ṣe é: ohun tí o bá rí ni kí o sọ, má sọ ohun tí o rò.

Ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ẹ̀sìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ère, fìtílà idẹ, ẹní àdúrà, pákó tí wọ́n ń kúnlẹ̀ gbàdúrà sí, ife wúrà tí ẹnikẹ́ni ò mu nínú ẹ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wa nínú gíláàsì. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn ètò tí a ń ṣe fún aráàlú. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, a máa ń to àga yí ohun kan ṣoṣo ká, ẹni tó bá wá á jókòó, á wò ó fún ìgbà pípẹ́ láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kálukú á sọ ohun tó rí. “Jókòó Wò Ó” ni a pe ètò náà.

Kí n tó ṣe òfin yẹn, ìwàásù ni wọ́n ń fi ibẹ̀ ṣe. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wo fìtílà títí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Ẹnì kejì ní ìran náà kò bá ìwé mímọ́ mu. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú níwájú fìtílà, àfìgbà tí sìkiọ́rítì wá là wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lanu: ohun tí ẹ rí nìkan. Tí ènìyàn bá ti ní “ó dà bí ẹni pé,” mo ti gbé ọwọ́ sókè nìyẹn.

Òfin náà wá bá mi lára mu jù lẹ́yìn tí ọkọ mi kú.

Ó sùn ni, kò jí. Mo rí i pé kò jí. Mo rí àwọn èèyàn tó wá, mo rí pósí, mo rí iyẹ̀pẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ojú mi pé ìgbà wo lẹkún máa bọ́, ẹkún kò bọ́. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, sọ ọ́ lójú mi pé ọkàn mi le bí òkúta. Mi ò bínú sí i. Ká ní mo rí okun bínú ni, inú mi ì bá tiẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ kan, omi gbígbóná dà sí mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń se tíì, mo kàn ń wo ọwọ́ náà bó ṣe ń pọ́n, àfi bíi pé ọwọ́ ọlọ́wọ́ ni.

Kò pẹ́ tí a sin ín tí mo kó aṣọ ẹ̀. Mi ò ro nǹkan kan. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo rí aṣọ, mo mú láílọ́ọ̀nù dúdú tí a fi ń kó ìdọ̀tí, mo kó wọn sí i, mo sì gbé wọn fún àwọn tó ń gba aṣọ àlòkù. Nígbà tí ọmọ mi ti ilé ẹ̀kọ́ dé tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, háńgà lásán ló bá.

Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn, obìnrin ni. Bàbá ẹ̀ ló sọ ọ́ ní Adájọ́, torí láti kékeré ni kì í gbà kí ẹjọ́ kankan kọjá lórí òun. Ó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà pẹ́. Nígbà tó yíjú sí mi, ohùn ẹ̀ kò tilẹ̀ lọ sókè.

“Mọ́mì, ẹ fi gíláàsì bo pákó tí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí kúnlẹ̀ sí. Ẹ ò jẹ́ kí eruku bà á. Aṣọ dádì lẹ wá kó sínú láílọ́ọ̀nù ìdọ̀tí.”

Láti ìgbà yẹn, “ẹ káàárọ̀, mọ́mì” àti “ó dàárọ̀, mọ́mì” ló kù láàárín wa. Nígbà tó yá, ó sọ fún mi pé òun ti bá Àǹtí sọ̀rọ̀, òun ń lọ gbé lọ́dọ̀ wọn ní ìlú kejì, òun á sì máa lọ síléèwé láti ibẹ̀. Mo bi í pé ìgbà ìsinmi ńkọ́. Ó ní ọ̀dọ̀ Àǹtí náà lòun á ti máa lo ìsinmi. Sátidé lòun ń lọ.

“Ó dáa,” ni mo wí.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: má lọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n wà lẹ́nu mi, bó bá kọjá lọ sí kíṣìnì màá lanu, màá tún pa á dé. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn gbígbẹ tí mo fi ń sọ gbogbo nǹkan, yóò mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nídìí ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé tó bá fi lè lọ báyìí, mo pàdánù òun náà nìyẹn.

Pákó ìkúnlẹ̀ tí Adájọ́ fi bú mi yẹn gan-an ló bọ́ sí ètò Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà. Láti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n ti tì pa la ti gbé e wá. Ẹnì kan ti ń kúnlẹ̀ sí ojú kan lórí ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kòtò méjì fi wà lára igi, ti òsì sì jìn díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Mo yọ gíláàsì kúrò lórí ẹ̀, mo to àga, mo yẹ iná wò.

Àwọn tó máa ń wá náà ló tún wá: tíṣà kan tó ń gbé ìwé dání tí kì í ṣí i, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti Bàbá Télọ̀, ẹni tí kò fi bò rí pé afẹ́fẹ́ tútù inú gbọ̀ngàn wa àti àga tìmùtìmù ló ń gbé òun wá, kì í ṣe ọnà kankan. Bí mo ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn ni Adájọ́ wọlé. Kò wá síbi iṣẹ́ mi rí látìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú. Ó jókòó sórí àga tó kọjú sí mi gan-an. Mo rí i pé ó wọlé, ṣùgbọ́n mi ò wò ó.

A dákẹ́. A wo pákó. Mo fi ojú sí i, mo mọ gbogbo ìlà ara ẹ̀ bí mo ṣe mọ ọ̀nà ilé, kò sì sọ nǹkan kan fún mi. Mo lu agogo kékeré tó wà lọ́wọ́ mi, ó tó àkókò láti sọ̀rọ̀.

“Kòtò méjì ni mo rí,” ni tíṣà wí. “Ojú ibi tí orúnkún máa ń wà.”

“Kòtò lẹ rí, sà. Ẹ ò rí orúnkún. Ẹ ṣeun.”

Ó kàn nọ́ọ̀sì. “Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni mo rí níbẹ̀ o, ọmọ mi.”

“Mà, pákó lẹ rí.”

“Ìwọ náà le o!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Bàbá Télọ̀ tún ara ṣe lórí àga. “Ká sọ tòótọ́, pákó yẹn ti sú mi. Kádígàn ọmọbìnrin yìí ni mo ń wò látàárọ̀. Bọ́tìnnì kẹta, pupa ni, àwọn tó kù sì dúdú.”

“Bàbá, pákó la ní ká wò.”

“Ṣé ohun tí mo bá rí kọ́ lo ní kí n sọ ni? Mo rí i. Àbí kí n fi ojú mi pamọ́ sápò?”

Òfin èmi fúnra mi ló fi mú mi. Mo ní “Ẹ ṣeun, sà,” mo sì yára yíjú sí ẹni tó kàn. Adájọ́ ló kàn.

“Mo rí pákó kan,” ló wí, “tí ẹnì kankan ò sọ nù.”

Ó yẹ kí n gbé ọwọ́ sókè. Mi ò gbé e.

“Ẹ ṣeun,” ni mo wí.

Nọ́ọ̀sì bojú wò mí, ó bojú wo Adájọ́. Ojú wa jọra jù, ẹnikẹ́ni á mọ̀. Mo ti fi “ẹ” dá ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ lóhùn. Mo gbọ́ ọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, ó sì dùn mí. Ó pẹ́ tí nǹkan kan ti dùn mí gbẹ̀yìn.

“Ẹ̀yin ńkọ́, mọ́mì?” ni Adájọ́ bi mí. “Kí lẹ̀yin rí?”

Adarí kì í dáhùn. Àṣà wa ni, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń wò mí, mo sì gbé ojú kúrò lára pákó, mo wo ọmọ mi.

“Mo rí kádígàn aláwọ̀ eérú kan,” ni mo wí. “Ọwọ́ ẹ̀ gùn ju ti ẹni tó wọ̀ ọ́, ó ká a sókè lẹ́ẹ̀mejì. Àpò ọ̀tún ti já díẹ̀, ibi tí ọkọ mi máa ń ki kọ́kọ́rọ́ sí. Mo rí bọ́tìnnì pupa. Èmi ni mo rán an mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ fún iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pupa nìkan ló sì wà nílé, kò bọ́ ọ sílẹ̀, ọrùn ẹ̀ ni mo ti rán an. Ó ní tí abẹ́rẹ́ bá fi lè gún òun, òun á fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó ń rẹ́rìn-ín, àyà ẹ̀ ń mì, mi ò lè—”

“Ohun tí ẹ rí nìkan, mọ́mì.” Ó rọra sọ ọ́ ni.

Mo gbé agogo sílẹ̀.

“Mo rí ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kó lọ.”

Adájọ́ fa ọwọ́ kádígàn náà bo àtẹ́lẹwọ́.

“Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe rírí,” ló wí.

“Mo mọ̀.”

Bàbá Télọ̀ wúkọ́, ó ní òun rò pé ètò ti parí fún tòní. Òun ló kọ́kọ́ dìde tó ń to àga, èyí tí kò ṣe rí.

Ó ṣì lọ ní Sátidé náà. Àǹtí ti ń retí ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ti gbà á, èmi náà ò sì ní agbára àtijà. Mo bá a gbé báàgì dé ibùdókọ̀. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ tí a sin bàbá òun, kí n tó kó aṣọ sí láílọ́ọ̀nù, òun ti yọ kádígàn yẹn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún mi. Mo ní, “O ṣeun.” Nígbà tí awakọ̀ ń pe èrò, ó bọ́ kádígàn náà, ó sì nà án sí mi.

“Bọ́tìnnì kẹrin ti fẹ́ já. Ẹ bá mi rán an. Màá wá mú un tí a bá gba ìsinmi.”

Ọkọ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀, mo fi ìka mú bọ́tìnnì kẹrin, mo fà á. Kò mì rárá. Ó le koránkorán.

Mo gbé e délé, mo gbé e sójú. Òórùn ọkọ mi ti kúrò lára ẹ̀, òórùn ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé, mo mú abẹ, mo tú bọ́tìnnì náà, mo sì mú abẹ́rẹ́ láti tún un rán. Ó pẹ́ kí n tó rí ojú abẹ́rẹ́ náà, nítorí pé omi ti kún ojú mi.