Èyí Tó Le Nínú Méjèèjì

Bàbá kì í fi ọwọ́ yan kilọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ ló fi ń yàn án. Ti ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ ti jẹ tán, mẹkáníìkì sì gbé ìdérí kilọ́ọ̀ṣì méjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀, irin roboto tí sípíríǹgì kún inú wọn. Ó bọ́ bàtà, ó fi gìgísẹ̀ ti èkíní, ó ti èkejì. Ó ní èkíní ni. Ó ní òun wa ọkọ̀ jẹun fún ogójì ọdún, òun mọ ohun tí orúnkún òun lè gbé. Èkejì yẹn, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni, kí wọ́n lọ fún ẹni tó fẹ́ gba ìdíje ẹ̀ṣẹ́ kíkàn.

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá mọ iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti kógbá sílé tipẹ́, oṣù mẹ́ta ló fi tú inú òkú ọkọ̀ kiri kó tó rí méjèèjì. Èyí tó bá wù wọ́n ló máa wọlé. Ìyàtọ̀ wọn ò ju pé ọ̀kan rọ̀, ọ̀kan le.

Àkọ́bí Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo orúnkún yẹn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni, ọ̀gá ilé ìwé, tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́ lásán, ẹgbẹ̀ta ọmọ á dákẹ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń fọ ọkọ̀ náà ní gbogbo Sátidé, kò sì tíì jókòó sídìí ìdarí rẹ̀ rí. Orogún ni ìyá rẹ̀ máa ń pe ọkọ̀ yẹn kó tó kú, ó ní òun ò rí orogún tí ọkọ ń nù lójú nù nímú bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá sì ti là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo ilé pé ọjọ́ tí òun ò bá lè wà á mọ́ ni àkọ́bí òun máa gbà á, kì í ṣe ọjọ́ kan ṣáájú. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tó ti sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Sùúrù tirẹ̀ ti hu irùngbọ̀n funfun.

Bàbá fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, kò mú ọ̀pá. Bó ṣe yà ní kọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ fi ìka tọ́ka sí èyí tó le.

"Ìyẹn ni kó o dè sí i."

Mẹkáníìkì rò pé ó ṣì í sọ ni.

"Aǹtí, ẹsẹ̀ Bàbá ò ní gbé e."

"Mo mọ̀."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Orí ilẹ̀ obìnrin yìí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì wà nílé ìwé tó jẹ́ ọ̀gá fún. Ó mú sípánà.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá dé, ó ti wẹ̀, ó ti múra. Ó wọlé sínú ọkọ̀, ó tẹ kilọ́ọ̀ṣì. Ó lọ dé ìdajì, ó dúró. Ó di ìdarí mú, ó fẹ̀yìn ti àga, ó tún tẹ̀ ẹ́. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti itan náà bí ẹni ń ti ẹrù, òógùn ń ṣàn sí i lójú, irin náà ò gbọ́. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́bàá fèrèsé ọkọ̀, ó ń ka iye ìgbà tó tẹ̀ ẹ́. Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn.

Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Bàbá yọjú.

"Ṣé èyí tí mo yàn náà lẹ dè sí i?"

Mẹkáníìkì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Òun náà ni, Bàbá," ọmọ rẹ̀ ló dáhùn. "Ojú mi ló ṣe."

"A jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni."

Omi tán lẹ́yìn ẹja. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló bá a pa ìka dé. Èjìká rẹ̀ ló gbára lé dé ilé.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ra ọ̀pá. Kò tó oṣù kan tí kò dìde mú ọ̀pá náà mọ́, ó ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ń sọ fún gbogbo àlejò pé ẹsẹ̀ òun ti kú. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ló máa gbé e dìde. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń wá kí i, ọ̀rọ̀ náà á dé orí ahọ́n, á sì gbé e mì. Ìkà ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kilọ́ọ̀ṣì líle yẹn mú kí orúnkún òun náà wú. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti tò, ó ń ké sínú. Ó gbé ọkọ̀ padà lọ fún mẹkáníìkì, ó ní kó yọ èyí tó le, kó fi èyí tó rọ̀ sí i. Ọkùnrin náà ṣe é. Kilọ́ọ̀ṣì wá rọ̀ débi pé èèyàn lè máa yán kó máa tẹ̀ ẹ́.

Ó wà á dé iwájú fèrèsé Bàbá, ó fẹ̀yìn rìn wọ àgbàlá, ó pààrọ̀ jíà wẹ́rẹ́. Bàbá fọwọ́ pè é wọlé. Ó ní kó jókòó tì òun, ó wá gbé ọwọ́ lé orúnkún tó wú yẹn.

"Ẹsẹ̀ rẹ lágbára, ọmọ mi. Èmi bàbá rẹ ò lè tẹ̀ ẹ́."

Bàbá ò yìn ín rí, kódà lọ́jọ́ tó di ọ̀gá ilé ìwé.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ló wí, ó sì jẹ́ kó máa fọwọ́ pa á.