Aago Tó ń Dún Lóko Àáró

Lẹ́tà tí ọ̀gá mi, Mùsíyé Gérard, mú wá láti Lomé kò gùn. Bí ogún aago ọwọ́ tó kù nínú àpótí gíláàsì wa kò bá tà tán kí oṣù kọkànlá tó parí, ilé-iṣẹ́ yóò ti ṣọ́ọ̀bù Atakpamé pa, èmi Léonie yóò sì padà sí oko ìyá mi ní Akparé. Ọdún 1982 nìyẹn. Oṣù mẹ́fà péré ni mo tíì fi jókòó sẹ́yìn gíláàsì náà, mi ò sì fẹ́ dìde kúrò níbẹ̀.

Àwọn òyìnbó tó gba Mùsíyé Gérard síṣẹ́ ló ń ṣe ọpọlọ tó wà nínú aago wa, ohun kékeré tó ń ka wákàtí láìsí ọwọ́ tó ń yí po. Pùúsì ni wọ́n ń pè é ní Faransé. Kò tóbi ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Mo ti fi awò wò ó rí. Ó dà bí ìlú tí ẹyẹ ń wò láti òkè, gbogbo títì rẹ̀ ń dán, kò sì sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà. Nígbà míì mo máa ń ro ó pé gbogbo ará ìlú náà ti lọ sóko.

Mùsíyé Gérard sọ pé, “Ilé-iṣẹ́ tún kọ ìwé ìbéèrè kan wá. Pùúsì ọdún tó ń bọ̀, ṣé kí wọ́n ṣe é kí aago lè fẹ́lẹ́ sí i, àbí kí ohùn tó fi ń kéde àkókò ròkè? Wọn ò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé kó fẹ́lẹ́. Àwọn tó ń wọ táì là ń tà á fún.”

“Àwọn tó ń wọ táì ní Atakpamé ti ní aago, Mùsíyé.”

“Wá àwọn mìíràn nígbà náà.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti ilẹ̀kùn, mo mú aago kan, mo wọ takisí lọ sí Akparé. Fáníyì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni olórí àáró kan níbẹ̀. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n, wọ́n ń bá ara wọn kọ ebè lóko kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ara wọn. Oòrùn ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí, ṣùgbọ́n ìkùukùu ti bo ojú ọ̀run láti àárọ̀. Oko Ṣàngówáwa ló kàn lọ́jọ́ náà.

“Ọjọ́ ò tíì lọ rárá,” ni Ṣàngówáwa ń wí.

Fúnkẹ́, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, dáhùn láìdẹ́kun iṣẹ́. “Lóko tèmi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀sán gangan lo ti rí ìrọ̀lẹ́. Ojú ẹ mà dá ṣáká lọ́jọ́ yẹn.”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí aago ṣe ìdájọ́. Wọ́n gbà. Mo ṣètò rẹ̀ kó dún ní aago mẹ́rin. Ó dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Èmi nìkan ni mo gbọ́. Ọkọ́ kò dúró. Fáníyì wò mí tàánú-tàánú, ó mú òfìfo agolo tòmátì, ó sọ aago sínú rẹ̀, ó so ó mọ́ igi. Mo tún ṣètò rẹ̀ kó dún. Nígbà tó tún dún, àfi bí ìrẹ̀ tó tóbi tó ewúrẹ́. Gbogbo wọn gbórí sókè.

“Irọ́ ni nǹkan yẹn ń pa,” ni Ṣàngówáwa wí.

“Kò mọ ẹni tó loko,” ni Fáníyì fèsì. “Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn.”

Lọ́jọ́ kejì, oko Fáníyì ni wọ́n wà. Ebè tó sún mọ́ agolo jù lọ ni Ṣàngówáwa yàn. “Ọmọ mi,” ló ń bi mí ṣáá, “ṣé aago yẹn ṣì wà láàyè?”

Kí n tó padà sí Atakpamé, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti dáwó ra aago kan. Ọrùn ọwọ́ tí yóò wọ̀ ọ́ là ti ń wá kiri tẹ́lẹ̀. Oko ló nílò rẹ̀. Mo kó àwọn yòókù káàkiri Akparé àti Glei, ẹgbẹ́ àáró kan, aago kan, agolo kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gíláàsì ti ṣófo.

Mo rò pé inú Mùsíyé Gérard yóò dùn. Nígbà tó dé, ó wo òkìtì agolo tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó.

“Léonie, àpótí aláwọ̀ búlúù ni ilé-iṣẹ́ ní ká fi tà á.”

“Àpótí yẹn kì í ran ohùn lọ́wọ́, Mùsíyé.”

“Aago tí wọ́n ń so mọ́ igi! Bí wọ́n bá gbọ́, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ sílé.”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá wò ó kó tó kọ ohunkóhun. Bàtà rẹ̀ wọ ẹrẹ̀ kí a tó dé oko Fúnkẹ́. Agolo dún. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi ọkọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn yòókù ń kí Fúnkẹ́, wọ́n ń wá omi mu. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Mùsíyé Gérard jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, ó yọ ìwé ìbéèrè náà jáde, ó na gègé sí mi.

“Ìwọ lo mọ̀ wọ́n.”

Mo kọ ọ́ pé: kí ohùn ròkè. Mo kọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, títí ojú ìwé fi kún, tí Mùsíyé fi ní ó tó, pé àwọn ará ilé-iṣẹ́ ní lẹ́tà mìíràn tí wọ́n máa kà. Àwa méjèèjì fọwọ́ sí i.

Oṣù kejì ọdún 1983 ni èsì dé. Kó tó dé, ojoojúmọ́ ni mo ń gbá ṣọ́ọ̀bù tí kò sí ohun títà nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mùsíyé Gérard ka lẹ́tà náà fún mi ní ìdúró: pùúsì olóhùn gíga ni wọ́n máa ṣe, ṣọ́ọ̀bù yóò wà ní ṣíṣí, èmi ni kí n máa bójú tó o. Wọ́n tún fẹ́ mọ iye ẹgbẹ́ àáró tó wà láti Atakpamé títí dé Notsé.

“Kò sẹ́ni tó kà wọ́n rí,” ni mo wí.

“Ọjọ́ wo lo fẹ́ tilẹ̀kùn láti lọ kà wọ́n?”

Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́.

“Òní ńkọ́, Mùsíyé?”