Ogún Ìṣẹ́jú sí Hurafuri

Àárẹ̀ ti mú Imthiyaz débi pé pákó tó jókòó lé ní pápákọ̀ òfurufú Kendifaru ti ń wù ú bíi bẹ́ẹ̀dì. Abọ́ ló ń fọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì àwọn àlejò títí ilẹ̀ fi mọ́, kó tó gbọ́ pé ìyá òun ti kú. Ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Fóònù rẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ kò sì tíì kan oorun.

"Lẹ́yìn ìrun Alásàrì la máa sin wọ́n," Shazla ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti sọ fún un. "Tètè máa bọ̀ o. Ìwọ nìkan lọmọkùnrin tí wọ́n bí. Ta ni kó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò gbà wọ́n?"

Ọ̀nà ọ̀hún kò kúkú jìn. Láti Kendifaru dé erékùṣù wọn, Hurafuri, kò ju ọgọ́rin kìlómítà lọ, ogún ìṣẹ́jú péré lójú ọ̀run. Àmọ́ ta ni yóò sọ ìyẹn fún òjò? Ó ń lu páànù láti ọ̀sán, ọkọ̀ òfurufú kékeré náà kò sì rójú balẹ̀.

Nígbà tó balẹ̀ tán, Imthiyaz wo aago ọwọ́ rẹ̀: mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbà pé àkókò Alásàrì ti kọjá, pé ariwo òjò ló bo ìpè àdúrà mọ́lẹ̀, pé wọ́n ti kírun tán, wọ́n ti sin ìyá òun. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi.

Ìyá arúgbó kan ń bẹ akọ̀wé ọkọ̀ níwájú rẹ̀. "Ọmọ mi ń rọbí ní Hurafuri, ẹ ṣàánú mi."

"Màmá, ọkọ̀ ti kún. Àbí kí n so yín mọ́ ìyẹ́ rẹ̀ ni?"

Imthiyaz dìde. "Ẹ fún wọn ní ààyè mi. Ohun tí mò ń sáré bá ti kọjá."

Màmá ṣàdúrà fún un títí ó fi wọkọ̀. Ọkọ̀ gbéra, òjò dá, ladáànì sì gbóhùn sókè.

"Ìrun wo nìyẹn?" Imthiyaz bi akọ̀wé.

"Alásàrì ni. Èwo ni kó tún jẹ́?"

Ìgbà yẹn ló yé e. Òtẹ́ẹ̀lì wọn máa ń fi aago síwájú ní wákàtí kan, kí oòrùn àwọn àlejò lè pẹ́ kó tó wọ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀ pé èèyàn a máa dá aago padà bó bá ti ń kúrò níbẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni Imthiyaz ti lò láìkúrò, ó sì gbàgbé.

Ó yá fóònù akọ̀wé.

"Wọ́n ní ọkọ̀ yín ti gbéra!" Shazla kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Lèmámù ní a ó dúró dè ọ́. A ti wẹ̀ wọ́n tán, gbogbo wa ń wojú ọ̀run."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dúró mọ́. N kò sí nínú ọkọ̀ náà."

"Ta ló wá wà ní ààyè rẹ?"

"Ìyá ẹlòmíràn."