Mẹ́wàá Nínú Méjìlá

Lọ́jọ́ kẹrin tí ẹjọ́ Curtis Joubert bẹ̀rẹ̀ ni Earline Fuselier kọ́kọ́ rí ọkọ̀ funfun yẹn níwájú ilé ẹ̀. Ó ń sá aṣọ lórí okùn ní ìrọ̀lẹ́, ó gbójú sókè, ọkọ̀ náà sì ń rọra kọjá bí ẹni tó ń wá nọ́ńbà ilé. Dale Thibaut ló ń wà á. Kò juwọ́, kò kí i. Ó kàn wò ó, ó wo ilé, ó wo àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ méjì tó ń ṣeré lábẹ́ igi, ó bá tiẹ̀ lọ.

Dale yìí ni ẹ̀gbọ́n Wade Thibaut, ọkùnrin tí wọ́n yìnbọn pa nílé epo ẹ̀ lóṣù kẹta. Curtis, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ni wọ́n mú. Earline sì wà lára àwọn méjìlá tí kóòtù ṣà láàárín ìlú pé kí wọ́n wá jókòó, kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́, kí wọ́n sì sọ bóyá ọmọ náà jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Obìnrin tó ti ń se ẹ̀wà pupa àti ìrẹsì fáwọn ọmọ iléèwé láti ogún ọdún! Kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ìpànìyàn? Ṣùgbọ́n tí lẹ́tà kóòtù bá ti dé, ó ti dé nìyẹn, kò sí ẹni tó ń bi ọ́ bóyá ó wù ọ́.

Adájọ́ ti kìlọ̀ fún wọn láti ọjọ́ kìíní pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n, kí wọ́n wá sọ fóun kíá. Earline gbọ́ ọ yékéyéké. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ funfun yẹn kọjá lọ́sẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì gbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún mì. Kí ló fẹ́ wí? Pé ẹnì kan gba títì ìjọba kọjá? Ohun tó ń sọ fún ara ẹ̀ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù burúkú, tí kì í jẹ́ kó lè gbé oúnjẹ dé ẹnu.

Nínú kóòtù, ìjókòó iwájú gan-an ni ìdílé Thibaut máa ń gbà, wọ́n á kún un bámú. Wọn kì í wo adájọ́, wọn kì í wo lọ́yà. Àwọn méjìlá ni wọ́n ń wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, látàárọ̀ títí dìgbà tí wọ́n á fi jáde lọ jẹun. Lápá kejì, ìyá Curtis nìkan ló jókòó, pọ́ọ̀sì dúdú lórí itan ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kí ni ìjọba tiẹ̀ rí dì mú? Ẹ̀rí kan ṣoṣo! Madame Hulin, tí ilé ẹ̀ wà ní òdìkejì títì, ló ní òun jókòó sí férándà, òun sì rí ojú Curtis bó ṣe ń sá jáde nílé epo. Òjò ń rọ̀ nígbà náà, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Lọ́jọ́ tó wá jẹ́rìí, lọ́yà Curtis fún un ní ìwé kan pé kó kà á. Obìnrin náà gbé ìwé lé imú bí ẹni fẹ́ gbóòórùn ẹ̀. Earline rí i. Ó ní nínú ọkàn ẹ̀ pé, háà, ẹni tí kò rí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ló rí ojú èèyàn nínú òjò?

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kó àwọn méjìlá wọnú yàrá kan pé kí wọ́n lọ fẹnu kò. Akódà ti ilẹ̀kùn láti ìta. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú kọfí tó ti tutù, àti fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Earline lọ wo ìta. Ọkọ̀ funfun náà wà níbẹ̀. Ó fa kọ́tìnì dé e.

Gaspard, tó ń ta ìṣó àti òòlù láàárín ìlú, ni wọ́n fi ṣe olórí wọn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò, àwọn méje ní ó jẹ̀bi, àwọn márùn-ún ní kò jẹ̀bi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti di mẹ́sàn-án sí mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta tó kù ni Earline, Bàbá Alcide Narcisse tó ń hun àwọ̀n ìpeja, àti Latrice Zeno, ọmọbìnrin kékeré tó ń fọ aṣọ ní ọsibítù.

Gaspard ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní títì látọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá.”

Bàbá Alcide ní, “Tó bá jẹ́ ọmọ tìẹ ni wọ́n fẹ́ rán lọ ẹ̀wọ̀n gbére, ṣé ṣọ́ọ̀bù lo máa rántí?”

“Bàbá, ọmọ tèmi kì í ṣe jàǹdùkú.”

“Ọmọ tìẹ? Èwo nínú wọn? Èyí tó wa mọ́tò bọ́ sínú odò lọ́jọ́ ọdún Mardi Gras?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gaspard fúnra ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ nínú yàrá náà, torí obìnrin kan tó jókòó sígun tábìlì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ṣé ẹ̀yin náà ti rí Dale Thibaut ládùúgbò yín?” Ojú ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ìgbà yẹn ni Earline mọ̀ pé kì í ṣe iwájú ilé tòun nìkan ni ọkọ̀ yẹn ń gbà kọjá.

Wọ́n tún yí padà sórí Latrice. Àwọn mẹ́ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ó fẹ́ kí apààyàn máa rìn kiri ni? Ṣé ó gbọ́n ju gbogbo èèyàn lọ ni? Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún.

“Ó rẹ̀ mí,” ló wí. “Mi ò mọ ohun tí mo rò mọ́. Ẹ kọ ọ́ pé mo gbà. Mo ti gbà, ẹ fi mí sílẹ̀.”

Gaspard fọwọ́ lu tábìlì. “Mẹ́wàá! Ó parí.”

“Ó parí báwo?” Earline dìde. “Èmi àti Bàbá Alcide ò tíì gbà!”

“Mísì Earline, ẹ má gbà. Kò burú. Mẹ́wàá la ń wá, mẹ́wàá la ti rí.”

Bí òfin ṣe rí ní Louisiana nígbà náà nìyẹn. Níbòmíràn, àfi kí àwọn méjèèjìlá fẹnu kò. Lọ́dọ̀ tiwa, mẹ́wàá ti tó láti ti èèyàn mọ́lé títí tó fi máa kú. Àwọn méjì tó kù lè sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi bó, tiwọn ò kan ẹnikẹ́ni.

Wọ́n padà sínú kóòtù. Gaspard dìde, ó ní ó jẹ̀bi. Ìyá Curtis ò ké. Ó kàn ń tú ìdè pọ́ọ̀sì ẹ̀, ó tún ń dè é. Lọ́yà Curtis wá dìde, ó ní òun fẹ́ kí kóòtù bi àwọn méjìlá lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ìdájọ́ tiwọn lóòótọ́ nìyẹn. Adájọ́ ní kò burú. Akódà pín ìwé pélébé kiri, orúkọ kálukú wà lórí tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ni wọ́n máa kọ.

Orúkọ Earline Fuselier wà lórí ìwé náà gàdàgbà. Ó gbójú sókè, ojú ẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ojú Dale. Ìlú kékeré lèyí, ẹ jọ̀ọ́. Ta ni kò mọ̀ pé ohun tí akódà bá rí láàárọ̀, gbogbo ilé ọtí ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó wọ̀?

Ó rò ó wàràwàrà. Mẹ́wàá ti pé, ó ti pé nínú yàrá. Bí òun kọ rárá, Curtis ń lọ. Bí òun kọ bẹ́ẹ̀ ni, Curtis ń lọ. Kò sí ohun tó máa yí padà fún Curtis, àfi fáwọn ọmọ-ọmọ òun lábẹ́ igi. Ó fọwọ́ òsì bo ìwé náà, ó kọ bẹ́ẹ̀ ni, ó ká a sí méjì.

Adájọ́ ń ṣí àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sí ọ̀nà méjì. Ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́wàá. Rárá, méjì. Ìdájọ́ dúró.”

Báwo ni rárá ṣe jẹ́ méjì? Bàbá Alcide nìkan ló yẹ kó kù. Mọ́kànlá ló yẹ kí adájọ́ kà! Ó yí ọrùn, ó rí Latrice tó fọwọ́ bo ẹnu. Ó yé e nígbà náà. Ọlọ́run ọba! Wọ́n ti ń mú Curtis jáde, ọmọ náà ń bojú wẹ̀yìn wá ìyá ẹ̀. Ní ìjókòó iwájú, Dale Thibaut bọ́ fìlà ẹ̀, ó fi kí àwọn méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìta ni Latrice ti wá bá a, lórí àtẹ̀gùn kóòtù, ojú ẹ̀ pọ́n.

“Mísì Earline, mo kọ rárá. Mo búra fún ara mi nínú yàrá yẹn, mo ní tí wọ́n bá tún bi mí, màá sọ òótọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin àti Bàbá Alcide ò ní yẹ̀. Pẹ̀lú tèmi, ó di mẹ́ta, wọn ò sì ní rí mẹ́wàá mọ́. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ta ló yí padà?”

Earline ò lè wò ó lójú. “Mi ò mọ̀ o.” “Bàbá Alcide ti dàgbà. Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí bàbá náà fi jáde. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì gbé ọwọ́ lé èjìká Earline.

“Earline ọmọ mi, má banú jẹ́. Wọ́n ju wá lọ ni. Ṣùgbọ́n o gbọ́ iye tí adájọ́ kà? Rárá méjì. Èmi pẹ̀lú ẹ. Ó kéré tán, àwa méjì lè kí ìyá ọmọ yẹn lójú títì.”

Latrice wò ó, ó wá yíjú sí Earline.

“Bàbá,” ló wí, “èmi náà kọ rárá.”

Bàbá Alcide rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín ọ̀hún dúró. Ó wo Latrice, ó wo ara ẹ̀, ètè ẹ̀ ń mì bí ìgbà tó ń ka ojú àwọ̀n. Ó rọra gbé ọwọ́ ẹ̀ kúrò ní èjìká Earline.