Káàdì Yìí Kò Sí

Ìyá Ghamdan kì í kan ilẹ̀kùn. Láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló ti máa ń pe orúkọ mi bọ̀, nígbà tó bá sì máa fi dé orí òrùlé, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ló tún wá béèrè.

"Takíyà, bá mi pè é."

"Ẹ jókòó ná, Ìyá Ghamdan. Ẹ mí díẹ̀."

"Ṣé èémí ni mo wá gbà lọ́wọ́ ẹ? Pè é."

Èmi ni mo ni nẹ́tíwọọ̀kì íńtánẹ́ẹ̀tì àdúgbò wa ní ìlú Taiz; káàdì ni mo ń tà fún àwọn tó ń lò ó. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo tú ẹ̀rọ, mo tò ó padà, iná gbé mi, mo dìde, mo mọ̀ ọ́n. Àwọn ọkùnrin kan ní kò yẹ kí obìnrin máa gun òrùlé kiri. Mo ní kí wọ́n wá bá mi gùn ún nígbà tí ìbọn bá ń dún. Títí di òní, mi ò tíì rí ẹnì kan.

Abọ́ tó ń gbé nẹ́tíwọọ̀kì kan wà lórí òrùlé mi tó kọjú sí abọ́ kejì lórí ilé Ìyá Ghamdan, ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ogun ti la ìlú sí méjì. Àwọn abọ́ náà gbọ́dọ̀ máa wo ara wọn lójú. Bí nǹkan bá ti dí wọn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Nígbà tí àwọn ará ìsàlẹ̀ sá, tí ìyá yìí àti Waddah, ọmọ rẹ̀ kékeré, sá gòkè wá bá wa, Ghamdan ní òun ò lọ. Ó ní ta ni yóò ṣọ́ ilé, ta ni yóò máa nu eruku ojú sólà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀tá rọ̀jò bọ́ǹbù síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì gba ibẹ̀. Láti ìgbà yẹn, a ò gbóhùn rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí fóònù rẹ̀ ń lò lórí nẹ́tíwọọ̀kì mi ṣì ń jẹ́.

Ẹ̀rọ ń kí ẹ̀rọ bí èèyàn ṣe ń kí ara wọn. Èyí tó wà níwájú mi á ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, ará ilé báyìí." Èyí tó wà lọ́hùn-ún, bí iná bá wà lára rẹ̀, á ní, "Hòo." Wọ́n á kọ ibi tí ìkíni náà ti wá àti ibi tó ń lọ sí i lára, kí èsì má baà ṣìnà. Mo tẹ nọ́ńbà náà. Ó jẹ́.

"Ó jẹ́," ni Ìyá Ghamdan wí, ó sì fi etí ìborùn nu ojú.

"Fóònù ló jẹ́. Tí a bá kanlẹ̀kùn tí ajá gbó, ṣé a máa sọ pé baálé ló dá wa lóhùn?"

"Ajá tó bá ṣì ń gbó, ẹnì kan ló ń fún un lóúnjẹ. Ta ló ń ṣáájì fóònù náà?"

Mo tún un tẹ̀. Ó tún jẹ́.

Waddah fara ti táńkì omi, ewé kátì tó máa ń jẹ láti fi gbóyà wú u lẹ́rẹ̀kẹ́. "Tí mo bá ti kí ìrun Aláásárì tán, mò ń lọ mú un wá," ló wí.

"Gba ọ̀nà wo? Ajá gan-an ò gba ọ̀nà yẹn mọ́."

"Ajá ò ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Èmi ní."

"Ewé ẹnu ẹ ló ń sọ̀rọ̀."

"Ewé kọ́ ló bí mi. Obìnrin tó jókòó yìí ló bí mi."

Ìyá rẹ̀ ò sì sọ pé kó má lọ. Èyí ló bà mí lẹ́rù.

Ohun kan wà tí mi ò tíì bi ẹ̀rọ náà. Nọ́ńbà tí fóònù ń lò lórí nẹ́tíwọọ̀kì, yàrá àyágbé ni. Àpótí nẹ́tíwọọ̀kì kékeré tó wà nínú ilé Ìyá Ghamdan ló ń fi í háyà. Bí ayálégbé bá lọ tó sì pẹ́, á gbé yàrá rẹ̀ fún àlejò. Ṣùgbọ́n fóònù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àmútọ̀runwá tirẹ̀, bí Àìná, bí Ìgè: ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ ní ìta, ó gbé e wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni. Mo mọ ti Ghamdan dáadáa, torí òun nìkan ni mo ní kí ẹ̀rọ mi jẹ́ kó máa kọjá láìbéèrè káàdì.

Mo bi ẹni tó ń jẹ́ náà ní orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀. Èyí tó jáde kì í ṣe ti Ghamdan.

Mi ò mọ bí a ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po. "Ìyá Ghamdan, fóònù rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ́. Àlejò ló wà nínú yàrá rẹ̀."

"Tirẹ̀ lè ti bàjẹ́, kó ti ra òmíràn," ni Waddah wí.

"Ní ọjà wo? Lọ́wọ́ àwọn tó ń yìnbọn fún un?"

"Mò ń lọ, jàre."

Ẹni tí kò bá ní káàdì, ojú ìwé kan ṣoṣo ló máa rí lórí nẹ́tíwọọ̀kì mi: tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ síbí. Èmi ni mo kọ ojú ìwé yẹn. Mo pa á rẹ́, mo kọ òmíràn: "Ìwọ tí o wà nínú ilé yìí, ibo ni Ghamdan tó ni ín wà? Ìyá rẹ̀ ló ń béèrè. Kọ èsì rẹ sí ibi tí à ń kọ káàdì sí." Mi ò fi jọ̀wọ́ kún un.

"Ọ̀tá lo ń kọ̀wé sí yẹn," ni Waddah wí.

"Ọ̀tá náà lójú. Á kà á."

Wọ́n pe ìrun. Waddah kírun, ó so okùn bàtà rẹ̀. Mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo na ẹsẹ̀ dí i.

"Dìde, Takíyà."

"Tì mí ṣubú, kí o kọjá."

Ó dúró, ó ń jẹ ewé. Kò tì mí.

"Nǹkan ń jáde níbí o," ni Ìyá Ghamdan ké sí mi.

Káàdì èké ni. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń méfò nọ́ńbà, torí náà ni mo ṣe ní kí ẹ̀rọ máa fi gbogbo èyí tó bá já sí irọ́ hàn mí. Èyí kì í ṣe nọ́ńbà. Mo kà á síta.

"Ṣé ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ kán ni?"

Ìyá Ghamdan di tábìlì mú. Láti kékeré ni Ghamdan ti ṣubú lu etí kànga, tí eyín rẹ̀ fi kán.

"A bá a lábẹ́ ògiri. Mo sin ín sí ìdí igi ọsàn wẹ́wẹ́."

"Mo kọjú rẹ̀ sí Kíbílà."

"Kí ẹnikẹ́ni má wá. Bọ́ǹbù wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwa la rì í."

Bó ṣe ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ mi ń dá a lóhùn, torí ohun tí mo kọ́ ọ nìyẹn: Káàdì yìí kò sí. Tún un tẹ̀.

Waddah tu ewé ẹnu rẹ̀ dànù. "Òun ló pa á."

"Bóyá," ni mo wí.

"Àwọn ló pa á," ni ìyá rẹ̀ wí. "Èyí ló sin ín." Ó yíjú sí mi. "Takíyà, tó bá ní káàdì, kí ni ì bá fi ṣe?"

"Á pe ilé ẹ̀, bí gbogbo wọn."

"Jẹ́ kó pè é."

Waddah bá àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ láìkí wa. Mo dúró létí òrùlé, mo ń wò ó. Ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ló yà sí, kì í ṣe ọ̀nà ìsàlẹ̀. Títí di òní, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Mo mú orúkọ àmútọ̀runwá fóònù náà, mo fi sí ibi tí ti Ghamdan wà, kó lè máa kọjá láìní káàdì. Kíá ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú abọ́ mi kọjá ní ègé-ègé, ègé kọ̀ọ̀kan mọ ilé tó ń lọ. Mi ò wo inú wọn.

Ìyá Ghamdan ò yé wá láràárọ̀. "Bá mi pè é," á wí, kò sì ní dárúkọ ẹni tó ní kí n pè. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn tiwa ló rọ̀jò bọ́ǹbù sí ìsàlẹ̀ náà. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ lórí òrùlé. Ìyá Ghamdan dé, ojú rẹ̀ gbẹ. Abọ́ méjèèjì ṣì ń wo ara wọn, àpótí inú ilé ṣì jẹ́. Mo pe fóònù náà. Kò sí hòo.

"Tún un pè. Ó lè máa sùn."

"Ìyá Ghamdan, mo ti pè é."

"Mo ní kí o tún un pè."

Mo tún un pè.