Òfin Tó Ní Kí Ìyá Máa Jókòó

Òfin àtijọ́ ò gba gbẹ̀rẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára láísẹ́ǹsì ọtí gbọ́dọ̀ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó lè ta ìgò kan. Kò ṣeé fi lé ọmọ lọ́wọ́, kò ṣeé tà. Bí onítọ̀hún bá kú, láísẹ́ǹsì á bá a wọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ń tì lójú pópó kan, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí alántakùn fi di onílé.

Ìyá arúgbó kan ló kù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́. Bí ọjọ́ bá ti rọlẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo á wẹ̀ ẹ́, á wọ̀ ọ́ láṣọ, á pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́, á gbé e kalẹ̀ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà. Lójú ọ̀nà, ìyá á máa ráhùn pé ìbàdí ń dun òun, pé irú òfin wo ló ń fi arúgbó ṣeré. Tó bá dénú ṣọ́ọ̀bù tán, ara á yá. Káfíńtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹyọ-Kan-Péré, torí ojoojúmọ́ ló ń búra pé ìgò kan lòun fẹ́ mu.

"Ẹyọ-Kan-Péré," ìyá á ní, "mẹ́rin ló wà níwájú ẹ yẹn. Àbí ìgò bímọ ni?"

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìráhùn ìyá ló ká ọmọ lára tó fi gba káńsù lọ. Ó bẹ̀, ó jà, pé kí wọ́n jẹ́ kí arúgbó fi láísẹ́ǹsì lé ẹni tó lágbára lọ́wọ́, kí àdúgbò má bàa dahoro. Wọ́n lé e títí, kò lọ. Nígbẹ̀yìn, wọ́n yí òfin padà. Ìyá tẹ̀ka, láísẹ́ǹsì di ti ọmọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ wọlé wá mú kọ́kọ́rọ́. Ó bá ìyá létí bẹ́ẹ̀dì, tó ti fúnra rẹ̀ wọṣọ, tó ti wọ bàtà, tó ń retí kí ọmọ wá pọ̀n òun.

"Màámi, ẹ ti bọ́ nínú wàhálà. Ẹ sinmi."

Ìyá wò ó. "Bí mi ò bá sí níbẹ̀, ẹ ṣì lè tajà?"

"A lè tà á, Màámi. Ohun tí mo torí ẹ̀ jà nìyẹn."

"Ta ló rán ẹ níjà?"

Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kó gun ẹ̀yìn òun, kí àwọn máa lọ. Ìyá mirí. Ó ní iṣẹ́ lòun ń lọ ṣe tẹ́lẹ̀. Òun ò ní í lọ jókòó kí wọ́n máa wo òun bí ẹrù tẹ́nì kan gbàgbé. Ọmọ kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá fi etí aṣọ nù ún fún un, ó ní kó máa lọ, àwọn oníbàárà ti ń dúró.

Èrò kún ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń bèèrè ìyá, ọmọ sì ń dá wọn lóhùn pé wọ́n ń sinmi. Nígbà tó yá, ó kọjú sí ògiri, ó ń to ìgò tó ti tò tẹ́lẹ̀.